Ọ̀gá Oyèbánjí Sun Tùràrí fún Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀yin ènìyàn mi tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ wá àga jókòó, nítorí orúkọ ọkùnrin tí mo fẹ́ dá kò ṣe é dá lórí ìdúró. Òun ni Àpọ́sítélì Àgbà, Dókítà, Olóyè Olúdàpọ̀ Olúwafẹ́ranmi Oyèbánjí, Ọ̀gá Pátápátá. Ohun tó jẹ́ ọ̀gá lé lórí ni ẹ̀ka Hamburg ti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìwádìí nípa èémí. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ orúkọ yìí sára pátákó láti kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, pátákó gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Káfíńtà ní kí àwọn gé "Olóyè" kúrò. Oyèbánjí ní kí wọ́n kúkú gé òun lórí. Ni wọ́n bá kàn án bẹ́ẹ̀, ó gba ara ògiri kọjá, "Ọ̀gá Pátápátá" sì bọ́ sára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àlejò tó bá ka orúkọ náà tán, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò kàn.

Dókítà tí ẹ gbọ́ yẹn, ẹ má rò pé ti abẹ́rẹ́ ni. Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń ṣàkóso ọ́fíìsì ni ó fi gbà á, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn, bí ó bá jẹ́ pé ó ń rántí. Láràárọ̀, Jìmí, alukoro rẹ̀, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa yin ọ̀gá lọ, yóò sáré ṣíwájú kéde pé ó ń bọ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ yóò dìde. Àwọn òyìnbó Hamburg tí kì í kí ènìyàn ju "Moin" lọ, ó ti kọ́ wọn títí wọ́n fi ń ká ọwọ́ sẹ́yìn, tí wọ́n ń wí pé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Elias tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tilẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ó bá ẹ̀yìn tó ń ro òun mu.

"Ọ̀gá wa, àjànàkú!" ni Jìmí yóò ké. "Ẹ mí síta, kí Hamburg lè rí afẹ́fẹ́ mí sínú!"

Oyèbánjí yóò sì mí síta lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń sìn, àwọn ẹ̀yà kéékèèké tí a fi mọ ara ènìyàn. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ti ń yọ wọ́n, wọ́n á sì máa tọ́jú wọn nínú àwo pẹlẹbẹ. Wọ́n á fún wọn ní májèlé tó wà nínú èéfín, irú èyí tó ń jáde lára ọkọ̀ ojú omi àti lára ẹran tó jóná, wọ́n á wá wọn ohun tí sẹ́ẹ̀lì sọ májèlé náà dà. Ọládùnní, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń darí ìwádìí náà, mọ bí a ṣe ń là á yé ènìyàn.

"Inú sẹ́ẹ̀lì ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń sùn," ni ó máa ń wí. "Bí èéfín bá dé, wọ́n á jí, wọ́n á máa gé májèlé yẹn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí ara lè ṣan án síta. Àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń gé e, ó lè di ohun tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, kó lọ lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò sẹ́ẹ̀lì, kó di jẹjẹrẹ. Ìdí tí a fi ń wọ̀n ọ́n nìyẹn."

Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń pín àwo sẹ́ẹ̀lì sí. Wọ́n á fún àwọn kan ní májèlé, wọn ò ní fún àwọn yòókù ní ohunkóhun. Àwọn tí a kò fún ní nǹkan yìí, tí Ọládùnní ń pè ní "àwọn tó ń gbààwẹ̀", gbọ́dọ̀ máa sùn ni. Bí wọ́n bá jí pẹ́rẹ́, kò sí ohun tí a ó fi wé nǹkan mọ́, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀gá wa kò fi sọ́kàn.

Ara Bàbá Nọ́fíù Ọláníyọnu ni sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lò nígbà náà ti wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí, Jenfeld ni ó ń gbé, ó sì ti lo ọdún gbọọrọ ní Hamburger Hafen, èbúté ìlú náà, ó ń já ẹrù lábẹ́ èéfín àwọn ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí àwọn dókítà gé ibi tó bàjẹ́ kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún àwọn oníwàádìí lára ibi tó ṣì dára, kí àwọn tó ń já ẹrù títí di òní lè mọ ohun tí wọ́n ń mí sínú. Ìgò kékeré mélòó kan ni ó wà nínú fíríìsà, kò sì ní sí òmíràn mọ́. Bí bàbá bá wá sí Termin dókítà rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, yóò yà kí Ọládùnní.

"Ọmọ mi, kí ni ẹ̀dọ̀fóró mi wí?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, sà. Ẹ ṣe sùúrù fún un."

"Mo ti ń ṣe é. Ó ti pẹ́ tó máa ń ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́, bí ẹni tó ni ín."

Àárín ìgbà náà ni ọ̀gá àgbà tó wà ní Berlin fẹ̀yìn tì. Àga ṣófo. Ẹ̀yin kò mọ àga yẹn. Ó ga, awọ ni wọ́n fi bò ó, ó sì ń yí. Láti ọjọ́ tí Oyèbánjí ti jókòó lé e fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí ẹni tó ni ín lọ bu kọfí, oorun kò já geere lójú rẹ̀ mọ́. Ìgbìmọ̀ kan ni yóò yan ẹni tó kàn, Frau Doktor Krüger, àgbà nínú ìmọ̀ sẹ́ẹ̀lì, sì ni alága wọn. Ìyá náà ní èsì ìwádìí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni àwọn yóò wò.

Oyèbánjí kò mọ èsì, ayẹyẹ ni ó mọ̀. Ó ra Brutschrank tuntun, àpótí tí wọ́n ń kó àwo sẹ́ẹ̀lì sí kí wọ́n lè móoru bí ẹni tó wà nínú ara ènìyàn. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i. Àpótí náà kò gbà ju "Àpọ́sítélì Àgbà, Dók" lọ. Ó bá pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ọmọ abẹ́ mi," ó ní, "Ọlọ́run dá ènìyàn, ó mí èémí sí i nímú. Láti ọjọ́ yẹn wá, kò sí ẹni tó tún mójú tó ọ̀ràn èémí yìí dáadáa, àfi èmi!"

"Àfi ẹ̀yin!" ni Jìmí wí.

"Sẹ́ẹ̀lì kan kò gbọdọ̀ gbé inú ilé tí a kò yà sí mímọ́!"

"Kò gbọdọ̀!"

Elias gbé ọwọ́ sókè, ó béèrè bóyá apakòkòrò ni ọ̀gá ń wí, nítorí wọ́n ti fi nu àpótí náà láti àná. Oyèbánjí wò ó bí ẹni wo eṣinṣin inú ọbẹ̀, ìpàdé sì parí.

Alàgbà ni Oyèbánjí nínú ìjọ Aládùúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá tùràrí wí nínú ìtàn yìí o, tùràrí mọ ilé ara rẹ̀. Olórí ìjọ pàápàá ti sọ fún un pé àdúrà lásán ti tó fún ẹ̀rọ. Oyèbánjí ní àdúrà lásán ni ti àwọn tí kò ní ipò. Ó sì mọ̀ pé Ọládùnní kì í jẹ́ kí ènìyàn fi lọ́fínńdà wọ yàrá sẹ́ẹ̀lì, kí a má tilẹ̀ sọ tùràrí. Nítorí náà, bí ó ti rí i pé Ọládùnní ti kó àwo sẹ́ẹ̀lì Bàbá Nọ́fíù sínú àpótí tuntun, ó di kàléńdà tó ya àwòrán ara rẹ̀ sí lé e lọ́wọ́, ó ní kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin, kí ó gbé e lọ fún olú ilé-iṣẹ́ ní Lichtenberg ní Berlin, ní kíá.

Nígbà tí àwọn yòókù kí ara wọn ní "Mahlzeit" tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, ọ̀gá bọ́ bàtà, ó wọ sùtánà funfun, ó gbé àwo tùràrí wọ yàrá sẹ́ẹ̀lì. Jìmí tẹ̀ lé e. Rauchmelder wà lókè àjà, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bí ó bá ti gbóòórùn èéfín. Oyèbánjí ṣí fìlà àrán orí rẹ̀, ó ní kí Jìmí gun àga kí ó fi bò ó lójú. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ilẹ̀kùn Brutschrank gbayawu. Ó fín in lọ́tùn-ún, ó fín in lósì, ó fín in láàárín, ó sì ń ka àwọn orúkọ oyè rẹ̀ sí àwọn sẹ́ẹ̀lì náà létí kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń sìn.

"Wọ́n," ni Jìmí wí, ikọ́ ń gbé e mì, "wọ́n ti ń gbọ́ o, ọ̀gá!"

Kí àwọn yòókù tó dé, wọ́n ti ṣí fèrèsé, wọ́n ti mú fìlà kúrò. Elias fa imú pọ̀. Jìmí ní ìda tuntun ni wọ́n fi nu ilẹ̀.

Nígbà tí Ọládùnní padà dé tí ó wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n, ó jókòó, ó ká ọwọ́ lérí. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ ti jí. Wọn ò tilẹ̀ jí lásán, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ju àwọn tí a fún ní májèlé lọ. Ó yẹ afẹ́fẹ́ wò, ó yẹ omi wò, ó yẹ àwo wò. Nígbẹ̀yìn ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo ló kù nínú fíríìsà, kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án láìmọ ohun tó ba àwọn ti ìṣáájú jẹ́. Bí èyí náà bá bàjẹ́, ẹ̀dọ̀fóró Bàbá Nọ́fíù kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, ó sì lọ bá ọ̀gá.

"Sà, control wa ti spoil. Àwọn tí a ò fún ní nǹkan kan ti jí. Ṣé ẹnì kan sun nǹkan níbẹ̀ nígbà tí mo lọ sí Berlin?"

Oyèbánjí rántí fìlà rẹ̀ lórí Rauchmelder. Òfin ilé náà lórí èéfín le. "Kò sẹ́ni tó sun nǹkan kan," ó ní. Lọ́kàn rẹ̀, kò kà á sí irọ́. Tùràrí kì í kúkú jó, rírú ló ń rú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti há sí i létí. "O ní wọ́n jí? Láìsí pé ẹnikẹ́ni rán wọn níṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn."

"Wàhálà kẹ̀!" Oyèbánjí dìde. "Ọládùnní, ìyanu wà níwájú rẹ, o ò rí i! Sẹ́ẹ̀lì òyìnbó, àfi tí èéfín bá dé bá a kó tó ṣiṣẹ́, Termin ló ń retí. Sẹ́ẹ̀lì ọmọ Ọ̀yọ́, kí èéfín tó gbéra nílé, ó ti jí, ó ti wẹ̀!"

"Ó ti jẹun àárọ̀!" ni Jìmí wí.

"Àrà Oyèbánjí ni a ó máa pè é jákèjádò ayé!"

"Sà, ẹ dákun, kì í ṣe àrà. Ó bàjẹ́ ni."

"Madam Doctor, who is the ọ̀gá here?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ehn, ó parí. Ẹni tí Àrà Oyèbánjí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó máa wá iṣẹ́ míì."

Kò fi mọ níbẹ̀. Ó mú Jìmí àti kámẹ́rà dání, ó lọ bá Bàbá Nọ́fíù ní Jenfeld, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Bàbá, mo kí yín kú oríire! Ẹ̀dọ̀fóró yín ti di akọni!"

"Akọni?" ni bàbá wí. "Kí ló wá dé tí mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé mi láìdúró mí?" Ó ronú díẹ̀. "Àwọn ọmọ tó wà ní Hafen ńkọ́? Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ ní kí wọ́n má bẹ̀rù. Ẹ̀dọ̀fóró wa ń jí ṣáájú èéfín!"

Bàbá wò ó títí. Jìmí ya fọ́tò wọn.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣíwájú ìjókòó ìgbìmọ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìkórè ẹ̀ka ìjọ wọn tó wà ní Lichtenberg ní Berlin. Oyèbánjí ronú pé bí Frau Krüger bá rí i bí àwọn ènìyàn ṣe ń wárí fún òun, ọ̀rọ̀ àga ti bùṣe. Ó pè é. Ìyá náà kì í ṣe agbéraga, ó wá, ó bọ́ bàtà bí àwọn yòókù, ó jókòó níwájú. Ọládùnní tó bá ọ̀gá gbé ìwé wá jókòó lẹ́yìn ìyá náà. Kí àlejò má bàa pàdánù ògo kankan, Oyèbánjí ní kí Arábìnrin Shalom dúró ti òun kí ó máa túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ òun sí èdè Jámánì. Ogbufọ̀ kóòtù ni Shalom. Bí ẹlẹ́jọ́ bá húkọ́, yóò túmọ̀ ikọ́.

Àsìkò ìjẹ́rìí tó. Ohun tí ọ̀gá ti pinnu láti sọ kò pọ̀, pé Olúwa ṣe é lóore lẹ́nu iṣẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ìjọ wa. Ẹni tó bá gé ẹ̀rí kù, wọ́n gbà pé ìbùkún rẹ̀ náà yóò gé kù.

"Ará, mo ṣẹ́gun lẹ́nu iṣẹ́!"

"Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" ni ìjọ ké. "Ẹ sọ ọ́ délẹ̀!"

Oyèbánjí wo iwájú, ó rí Frau Krüger tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó ń pàtẹ́wọ́. Orí rẹ̀ wú.

"Mo ní kí n ya ilé sẹ́ẹ̀lì sí mímọ́! Mo jẹ́ kí gbogbo wọn lọ jẹun! Mo rán onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mi jìnnà, nítorí kì í jẹ́ kí ènìyàn gbéra! Mo bọ́ bàtà! Mo fi fìlà mi bo ojú Rauchmelder!"

Shalom túmọ̀ rẹ̀. Rauchmelder kò tilẹ̀ nílò ìtumọ̀. Frau Krüger dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró.

"Ẹ sọ ọ́ délẹ̀!"

"Mo ṣí Brutschrank! Mo fín tùràrí sí wọn lójú títí n ò fi rí ọwọ́ ara mi mọ́! Nígbà tí a máa wọ̀n wọ́n, ará, wọ́n ti jí! Ẹnikẹ́ni kò rán wọn, wọ́n jí!"

Shalom túmọ̀ rẹ̀ tán. Frau Krüger dìde, ó rọra sọ̀rọ̀, Shalom sì kọjú sí ọ̀gá. "Wọ́n ní, ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ da èéfín sínú àpótí nígbà tí sẹ́ẹ̀lì wà níbẹ̀?"

"Èmi fúnra mi! Bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe díẹ̀!"

"Wọ́n ní, àwọn tí kò yẹ kí a fún ní nǹkan kan ńkọ́?"

"Àwọn gan-an ni mo fún jù! Mo gbọ́ pé wọ́n ń gbààwẹ̀, àánú wọn ṣe mí!"

Frau Krüger jókòó, ó bo ojú. Oyèbánjí rò pé ẹ̀mí ló gbé e. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹnì kan ti fò sókè láti ẹ̀yìn, ó ké "Hàlelúyà!" débi pé fèrèsé fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn. Ọládùnní ni. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ọwọ́ òun! Kì í ṣe omi, kì í ṣe àwo! Ìgò tó kù ṣì lè sọ̀rọ̀! Nínú gbogbo ìjọ ọjọ́ náà, òun nìkan ni ẹ̀rí ọ̀gá bù kún. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ kò jẹ́ kí ó ka orúkọ oyè rẹ̀ tán. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní àga Berlin, wọ́n gba ẹ̀ka Hamburg lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi Ọládùnní sí i. Àwọn òyìnbó yìí kì í sábà lé ènìyàn lọ, wọ́n wá iṣẹ́ tó bá ìmọ̀ rẹ̀ mu fún un. Wọ́n ní kí ó máa gun àkàbà láti yàrá dé yàrá, kí ó máa dán Rauchmelder wò. Frau Krüger wá fi ọ̀rọ̀ kan lé e, pé ẹni tó fún wọn ní ẹ̀yà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ òótọ́, kí ó sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó bà á jẹ́.

Láàárọ̀ tí Ọládùnní gba iṣẹ́, Jìmí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gá wa, ẹ mí síta!" Ọládùnní ní kí ó lọ fọ àwo. Wọ́n tú pátákó orúkọ kúrò lára ilẹ̀kùn àti lára ògiri, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rántí ìparí rẹ̀. Títí di òní, "Ọ̀gá Pátápátá" ṣì wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Oyèbánjí ń sún ìrìn àjò Jenfeld síwájú títí kò fi rí ibi sún un sí mọ́. Ó gun àtẹ̀gùn láìsí ẹni tó ń kéde rẹ̀. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tó gùn sílẹ̀. Nígbà tí Bàbá Nọ́fíù ṣílẹ̀kùn, tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ nítorí ìrìn láti yàrá dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ̀dọ̀fóró yín kì í ṣe akọni. Èmi ni mo fín in ní èéfín."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ tó kúrú jù tó sọ rí nìyẹn. Ó sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ní Ọládùnní ti yọ ìgò tó kẹ́yìn, àwọn tó ń gbààwẹ̀ sì sùn fọnfọn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀dọ̀fóró ti sọ̀rọ̀. Nínú àwo àwọn tí wọ́n fún ní májèlé, sẹ́ẹ̀lì gé e, ó sì sọ ọ́ di ohun tó burú jù ú lọ.

"Ẹ sọ fún àwọn ọmọ Hafen pé kí wọ́n bo imú, sà. Ẹ̀rù tí mo ní kí wọ́n má bà, kí wọ́n bà á."

Inú bí bàbá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

"Èéfín lé mi kiri Hafen yẹn títí mo fi darúgbó," ó ní. "Mo ní kí wọ́n gbé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró mi sá fún un, kí ó fara pamọ́ sínú ìgò. Ìwọ náà wá tọpa rẹ̀ dé inú ìgò, o ru èéfín lọ́wọ́."

Oyèbánjí kò gbórí sókè. Láti inú yàrá, nǹkan kan ké kín-ín, ó dákẹ́, ó tún ké.

"Dìde," ni bàbá wí. "Rauchmelder mi ló ń ké yẹn láti ìjẹta, bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ kú, kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ ni."

Ó fa àga ìdáná kan sí i. Àga náà kò ga, kò ní awọ, kò sì ń yí. Oyèbánjí ṣí fìlà, ó fà á lé bàbá lọ́wọ́, ó sì gun orí àga náà.